Ibi Tó Ṣófo Lára Okùn Ọ̀gá Sétónjí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, mi ò ní tàn yín. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun mi fi funfun ni kí n máa ṣètò iṣẹ́ fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Àwọn ọmọ òde òní ń pè é ní pírọ́jẹ́ẹ̀tì mánéjímẹ́ǹtì, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì mọ́ ẹ̀kọ́ òwò. Èmi náà kọ́ ọ ní yunifásítì, nígbà tí Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, tí ẹni tó bá ti òkè òkun dé pẹ̀lú oyè lọ́wọ́ dà bí ẹni tó ti ọ̀run bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rántí iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí mo gboyè kọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn, tí òjò kò rọ̀, tí omi ọ̀sà sì wó èbúté tí mo ṣètò rẹ̀ níṣojú mi, ni mo máa ń rántí.

Ọmọ Àwórì ni mí. Ilé wa wà nínú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí ènìyàn ti lè dàgbà láìrí omi tó ju kànga lọ. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí Àgbádárìgì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sétónjí, fóómáànù tó ń kọ́ èbúté àti afárá onígi fún ìjọba ní gbogbo etí ọ̀sà wa. Wọ́n gbà mí pé kí n máa kọ orúkọ àwọn tó bá wá síbi iṣẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ Ègùn ni Ọ̀gá Sétónjí, ó ga, ó tín-ín-rín, bí inú bá sì ń bí i, Yorùbá ẹnu rẹ̀ á fò lọ, Ègùn nìkan ló máa ń kù. Kò mọ ìwé kà. Okùn ni ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tuntun fún un, kò ní fọwọ́ kan igi kankan. Yóò lọ jókòó sí etí omi náà láti ọjọ́ ọjà Agbálátà kan dé òmíràn, ọjọ́ márùn-ún gbáko, yóò ri ọ̀pá kan mọ́ inú omi, yóò máa wò ó. Á bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja sọ̀rọ̀. Á wo ibi tí wọ́n gbé ààrò wọn sí. Lẹ́yìn náà ni yóò fa okùn yọ.

Ìparí iṣẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Kókó àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ pákó èbúté náà. Kókó tó tẹ̀ lé e ni kíkan pákó, lẹ́yìn rẹ̀ dídì òpó pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ rírì òpó, títí yóò fi dé orí gígé igi nínú igbó. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan dúró fún ọjà kan. Tí iṣẹ́ méjì bá lè rìn pọ̀, á fi ìko dè wọ́n mọ́ra. Orí ìṣó ni okùn náà máa ń wà, àárọ̀ ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń tú èyí tó bá ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti pẹ́, kó wo okùn.

Lára gbogbo okùn tó ta, ibì kan wà tó ṣófo. Bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́jọ ni, láìní kókó kankan. Tí a bá ti dé ibẹ̀, á ní kí gbogbo wa kúrò lórí omi. Àwọn kápẹ́ńtà á lọ la pákó nínú igbó, àwọn mìíràn á lọ tún àwọ̀n wọn ṣe, èmi á sì lọ bá bàbá mi kórè lóko. Tí mo bá padà dé, ilẹ̀ etí ọ̀sà á ti ní ẹrẹ̀ lára, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò bèèrè. Ẹ̀yin ò mọ Ọ̀gá Sétónjí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìparí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kókó. Ó gba pẹ́ńsù mi lọ́wọ́ mi, ó fi sí inú fìlà rẹ̀, ó ní kí n lọ di okùn òòlù mú pẹ̀lú àwọn lébìrà. Òòlù irin ńlá ni nígbà náà, ènìyàn mẹ́wàá ló ń fà á sókè, tí wọ́n á jù ú sílẹ̀ lórí òpó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fà á. Awọ ọwọ́ mi bó.

“Ojú la fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,” ló wí nígbà tó dá pẹ́ńsù padà. “Ẹnu, oúnjẹ ni wọ́n dá a fún.”

Hùnsù, kápẹ́ńtà wa tó máa ń gun òpó bí ọ̀kẹ́rẹ́, tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Akọ̀wé, má bínú. Èmi náà bi í ní ọ̀rọ̀ kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ṣì ń ro ìdáhùn rẹ̀.”

Báyìí ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ láìbèèrè. Ohun tí mo bá rí, mo máa ń fún un ní ìtumọ̀ fúnra mi. Mo pinnu pé ibi tó ṣófo lára okùn ni ìsinmi, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilé-ìwé. Inú mi dùn sí i. Mi ò tún ronú sí i mọ́.

Lẹ́yìn ọdún kẹrin ni mo yege ìdánwò kan tí mo ti ń kàwé fún lálaalẹ́, ìjọba sì rán mi lọ sí ìlú Òyìnbó láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ òwò. Mi ò ní fi òtútù ibẹ̀ dà yín láàmú. A kọ́ òfin òwò, a kọ́ ìṣirò, a kọ́ ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kíláàsì kan wà tó jẹ́ ti bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ àkànṣe. Olùkọ́ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ẹfun máa ń wà lára kóòtù rẹ̀, wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò kí wa, ó fa ìlà gbọọrọ kan sára pátákó. Ó ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yóò parí? Kí ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé? Kí ló ṣáájú ìyẹn?” Ó ń fi ìlà kékeré kékeré dábùú ìlà gbọọrọ náà bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ya àwọn iṣẹ́ tó lè rìn pọ̀ sí abẹ́ ara wọn.

Okùn Ọ̀gá Sétónjí ni mo ń wò lórí pátákó, ní ìlú tí wọn ò gbọ́ orúkọ Àgbádárìgì rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé, èmi kò lè kọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, mọ ohun tí a wọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀sẹ̀ méjì lọ kọ́.

Nígbà tó yá, olùkọ́ náà ní kí olúkúlùkù ṣètò kíkọ́ èbúté kékeré kan. Mo fa okùn Ọ̀gá mi sórí ìwé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kókó dé kókó, àti ibi tó ṣófo náà. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ ní èyí?”

“Ọ̀gá mi nílé ni, sà.”

“Ó dára púpọ̀.” Ó fi ìka lé ibi tó ṣófo. “Kí ni wọ́n ń ṣe níbí?”

Ẹ gbọ́ ìdáhùn tí mo fún un. “Wọ́n ń sinmi, sà.”

“Fún ogójì ọjọ́? Ṣé òjò ni?”

“Rárá, sà. Òjò máa ń dín kù nígbà náà.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí ibẹ̀. “Nígbà náà, yọ ọ́ kúrò.” Kò ṣẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ló fi dájọ́. Mo yọ ọ́ kúrò, mo sì gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì náà.

Mo gboyè, mo padà délé. Ìjọba fi mí sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí igbákejì ẹ̀ńjíníà Òyìnbó kan tó ń gbé ní Èkó. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni èbúté tuntun kan lẹ́bàá Àjàrá. Ta ni fóómáànù rẹ̀? Ọ̀gá Sétónjí ni. Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé èbúté náà ni wọn yóò fi máa rántí rẹ̀.

Ó bọ́ fìlà nígbà tó rí mi. “Ọ̀gá kékeré, ẹ káàbọ̀.”

Ẹnu yà mí. Ọkùnrin tó dàgbà tó bàbá mi ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn lébìrà. Mo dọ̀bálẹ̀, ó yára fà mí dìde, ó ní òyìnbó kì í dọ̀bálẹ̀. Hùnsù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Mo fi ìwé ètò ńlá kan kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì onípákó tí a kọ́ sí etí omi, ìlà pupa, ìlà búlúù. Láti Èkó, wọ́n fi ẹ̀rọ òòlù oníná ránṣẹ́ lórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ tó lè ri òpó mẹ́rin lójúmọ́, níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń fi ọjọ́ kan ri ẹyọ kan. Nítorí pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tètè padà, mo ṣètò rẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ ri gbogbo òpó tán kí a tó fi igi ìdábùú dè wọ́n pọ̀. Mo ti yọ ogójì ọjọ́ náà kúrò. Ẹ̀ńjíníà ka ìwé náà, iye ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ oṣù; ó fọwọ́ sí i, ó ní irú èyí ni a ń fẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Sétónjí wọ ọ́fíìsì, ó mú okùn kan lọ́wọ́. Ó ti ta kókó rẹ̀ tán. Ó fi í kọ́ orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ló wí.

“Mo ti wò ó, sà. Ẹ ṣeun.”

Ó dúró. Ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ. Mo rò pé ó ń retí kí n yìn ín, mo sì yìn ín. Ó mi orí, ó jáde.

Ní òpin oṣù Ọ̀gọ́ọ́sì, òjò dáwọ́ dúró. Ọ̀run mọ́ bí àwo. Òpó mẹ́rìnlélógún ti dúró nínú omi láìsí ìdábùú kankan, inú mi sì ń dùn pé iṣẹ́ mi ń rìn bí ìwé ti wí. Lọ́jọ́ kan, mo rí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní etí omi, wọ́n ń ru ààrò wọn lọ sórí ilẹ̀ gíga. Mo kí wọn, mo kọjá. Àwọ̀ omi náà ń yí padà, ó ń pọ́n bí omi tí wọ́n fọ ìkòkò amọ̀ sí.

Hùnsù wà lórí òpó. “Ọ̀gá kékeré, omi ń bọ̀ o.”

Mo wo òkè. “Òjò dà?”

Ó wò mí, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀, mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí wọn ò pariwo lé mi lórí. Ohun tó sọ ṣì ń dùn mí. Ó ní, “Ẹni tó ti òkè òkun dé ni yín. A rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe omi náà.”

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí Hùnsù sọ̀rọ̀ ni. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, oòrùn ń ta mí lójú. Omi ti gun òpó tó ìwọ̀n apá ènìyàn kan. Mo rí ohun kan tó ń bọ̀ láti ìhà ilẹ̀ Faransé tó bá wa pààlà ní ìwọ̀-oòrùn, mo kọ́kọ́ rò pé erékùṣù ni, torí koríko hù lé e lórí, àwọn ẹyẹ lékèélékèé sì dúró sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó fẹ̀ bí pápá ilé-ìwé, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí arúgbó, láìdún. Ó fi ara ti òpó àkọ́kọ́. Òpó náà tẹ̀. Ó fi ara ti èkejì, òun náà tẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ bí àwọn tó ń kí ọba, àwọn ẹyẹ náà kò tilẹ̀ fò. Mo ń wò ó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kò ṣeé ṣe, torí kò sí lórí ìwé.

Hùnsù wà lórí òpó keje. Ó bẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù díẹ̀. Òpó méjì fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àárín kí erékùṣù koríko náà tó gbé e lọ. Ọ̀gá Sétónjí ni ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e. Ó lé e títí ó fi bá a níbi tó ti di koríko mú, ó gbé e padà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tún tọ́ mọ́ láéláé.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀ńjíníà dé láti Èkó nínú ọkọ̀ onímọ́tò. Ó pe gbogbo wa síwájú ọ́fíìsì. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó sì fi í sọ̀rọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

“Ta ló ní kí ẹ ri òpó ní àsìkò yìí?”

Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó bá dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ tán níbẹ̀. Ọ̀gá Sétónjí bọ́ fìlà rẹ̀. “Èmi ni fóómáànù, sà. Èmi ni.”

Ẹ̀ńjíníà ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dákẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gbọ́ ìró pẹ́nì lórí ìwé, mo mọ̀ pé orúkọ arúgbó náà ló ń kọ, tí yóò fi ẹ̀sín kúrò níbi iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, mo sì tún dákẹ́. Ó ti kọ tó ìlà kan kí ohùn mi tó jáde.

“Ètò tèmi ni, sà. Òun ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó wà lórí ìṣó.”

Wọ́n mú okùn náà wá. Ẹ̀ńjíníà nà án lé tábìlì, ó ń kà á láti kókó dé kókó, mo sì rí i pé ó yé e. Ó dé ibi tó ṣófo, ó dúró gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ mi ti dúró.

“Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?”

“Omi Wẹ́mẹ̀ ni, sà,” ni Ọ̀gá Sétónjí wí. “Odò ńlá tó wà ní ilẹ̀ Faransé. Òjò tó rọ̀ sí òkè ọ̀hún máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìgbà tí tiwa bá dá ló máa ń dé. Ó máa ń gbé koríko wá. Òpó tí wọn ò tíì dè pọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú omi nígbà náà.”

Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá okùn yẹn gbé. Mo gbé e sọdá òkun, mo fi í gba máàkì, mo sì fi ẹnu ara mi pè é ní ìsinmi. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà fa ìlà pa ohun tó ti kọ. Ó yọ ìwé mi kúrò lára ògiri, ó ká a, ó ní Ọ̀gá Sétónjí ni yóò tún èbúté náà kọ́ pẹ̀lú okùn rẹ̀, èmi yóò sì máa kọ orúkọ àwọn tó bá wá síbi iṣẹ́ títí yóò fi parí. Iṣẹ́ tí mo ti fi sílẹ̀ lọ sí òkè òkun ni mo padà sí. Mo dúpẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, èmi àti Ọ̀gá nìkan ló kù. Ó jókòó sórí igi kan.

“Mo gbé okùn wá fún ọ,” ló wí. “Mo dúró. Mo ń retí kí o bèèrè.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bèèrè, sà.”

Ó gbójú sókè wò mí. Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá létí.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Lóòótọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ó wo ìhà ilé Hùnsù. Láti ọjọ́ náà títí èbúté fi parí, ó ń sọ ìdí gbogbo ohun tó bá ṣe fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í, bí ẹni tó ń san nǹkan padà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àgbà náà ṣí àpótí àkísà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣètò afárá, mo ṣètò ilé-ìwé, mo ṣètò ọ̀nà, kí Òyìnbó tó lọ àti lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Mo fi pẹ́ńsù ṣe é, mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe é, nígbà tí mo sì fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ kékeré ń fi kọ̀ǹpútà ya ìlà mi fún mi kí n tó mu omi tán. Nínú gbogbo ètò tí mo ṣe, mo máa ń fi àyè sílẹ̀, mo sì máa ń kọ orúkọ ohun tí àyè náà ń dúró dè sínú rẹ̀. Àyè tí kò lórúkọ, ọlọ́gbọ́n kan ń bọ̀ wá yọ ọ́ kúrò.

Hùnsù di ẹni tó ń hun àwọ̀n ní Àjàrá. Kò bá mi jà rí. Ṣùgbọ́n ní ọdọọdún, bí omi Wẹ́mẹ̀ bá ti ń pọ́n, á rán ẹnì kan sí mi, ibi yòówù kí n wà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń fi rán an: “Ẹ sọ fún Akọ̀wé pé omi ti dé.” Àwọn tó ń jíṣẹ́ náà rò pé àwàdà ni. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà mo máa ń lọ yẹ ètò tó wà lọ́wọ́ mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́dún kan, òjò dá, oòrùn ràn, mo ń retí, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí ọjà kejì kọjá, mo wọṣọ, mo lọ sí Àjàrá fúnra mi. Mo bá àwọ̀n tí kò hun tán lára ògiri. Wọ́n ti sin ín. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, mo dúró lórí èbúté Ọ̀gá Sétónjí, mo wo ìsàlẹ̀ láàárín àwọn òpó rẹ̀. Omi ti dé.